Tónà Jẹ́jẹ́ àti Ojú Inú Káàdì

Ẹjọ́ kan já wọ ààfin lánàá. Àwọn ìjòyè ò tíì jókòó tán tí obìnrin méjì ti ń du iwájú Kábíyèsí mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan jẹ́ akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ omi ẹ̀rọ. Èkejì ń ta ìpara; Ojú-ń-dán ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

Akọ̀wé kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Awọ ojú mi máa ń tètè bínú. Ọṣẹ tuntun lásán, ó ti sú yọ. Mo wá ní kí obìnrin yìí bá mi wá tónà, omi tí wọ́n fi ń nu ojú lẹ́yìn ọṣẹ, èyí tó jẹ́jẹ́. Ó ní tòun jẹ́jẹ́ bí ọmọ jòjòló."

"Kò wá jẹ́jẹ́ ni?" ni Kábíyèsí bi í.

"Ó ta mí bí ata! Kí n tó gbé òwú kúrò lójú, ojú ti wú bí búrẹ́dì. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ya fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ fún wa níbi iṣẹ́. Ní báyìí tí ojú ti wálẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ò jẹ́ kí n wọlé mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta rèé. Bó bá pé márùn-ún, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn."

Kábíyèsí gba káàdì, ó wò ó, ó dorí rẹ̀ kodò. "Apá ibo ni òkè?"

Wọ́n pe ẹ̀ṣọ́.

"Kábíyèsí, wọ́n ní kí n máa fi ojú wé fọ́tò. Ẹni inú fọ́tò ò nímú. Eléyìí nímú."

"Ṣé o ò mọ obìnrin yìí rí ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìyàwó mi ni. Òun ló se oúnjẹ tí mo jẹ láàárọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ò mọ ìyàwó."

Ààfin dàrú. Ìgbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Ojú-ń-dán dìde.

"Kábíyèsí, omi mi jẹ́jẹ́. Ojú tirẹ̀ ló le! Bí èèyàn jẹ́jẹ́ bá kó sọ́wọ́ oníjà, ṣé èèyàn jẹ́jẹ́ la ó bá wí? Èmi náà ń lò ó. Ẹ bi ọkọ mi."

Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ ni, bọ́ síwájú. "Òótọ́ ni, Kábíyèsí. Omi yẹn dáa. Òun la fi ń nu dígí mọ́tò."

"Ojú ìyàwó rẹ ńkọ́?"

"Ojú kẹ̀? Òróró àgbọn ló ń fi pa ojú. Omi yẹn ta á lẹ́ẹ̀kan, kò fọwọ́ kàn án mọ́."

"Bàbá wọn!" Ojú-ń-dán ké. "Ṣé ẹ̀rí tí mo ní kẹ́ ẹ wá jẹ́ rèé?"

"Ṣebí ìwọ lo ní kí n sọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n."

Kábíyèsí gba ìgò tónà náà lọ́wọ́ akọ̀wé, ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sín lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ìjòyè kan ka ara ìgò: ọtí ló pọ̀ jù níbẹ̀, lọ́fínńdà ló tẹ̀ lé e.

"Háà!" ni Kábíyèsí wí. "Ojú akọ̀wé ò bínú rárá. Ó yó ni."

Ó wá dájọ́.

"Ojú-ń-dán, láti ọ̀la, géètì ilé-iṣẹ́ omi ni wàá máa jí sí. Bí akọ̀wé bá ti yọ, na káàdì sókè, kó o kígbe lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé, 'Òun náà ni! Èmi ni mo mú kí ojú rẹ̀ wú!' títí káàdì tuntun yóò fi jáde. Tónà tó kù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ, fi nu gbogbo dígí ààfin. Bó o bá tún máa ta òmíràn, kó jẹ́ èyí tí kò lọ́tí, tí kò ní lọ́fínńdà. Kọ́kọ́ fi pa ẹ̀yìn etí tìẹ wò, kó o sùn, kó o jí, kó o tó tà á fún ọmọ ẹlòmíì."

Ẹ̀ṣọ́ ń yọ́ lọ. Kábíyèsí pè é padà, ó ní kó wo fọ́tò náà dáadáa.

"Ìwọ tí o mọ iṣẹ́ bí iṣẹ́, ẹni inú fọ́tò yìí ni ìyàwó rẹ. Òun ni kó máa se oúnjẹ fún ọ."

Ẹ̀ṣọ́ wo fọ́tò títí. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ló wí, "aago mélòó lẹ ó dé lọ́la, kí n ti ṣí géètì sílẹ̀?"