Kò Sẹ́ni Tó Ń Gbé Ilé Yìí

Kákí ló kó bá Abomirin.

Káńsù gbà á síṣẹ́ pé kó máa bomi rin òdòdó iwájú gbọ̀ngàn wọn, àmọ́ ìlú kejì ló ti ń wọ bọ́ọ̀sì wá. Kó tó dé, oòrùn á ti jẹ òdòdó níyà. Gbogbo wọn á dorí kodò bí ọmọ tó fìdí rẹmi nílé ìwé.

Ọ̀gá rẹ̀ pè é. Ọ̀gá yìí ò pẹ́ dé ibi iṣẹ́ rí. Bó ti wù kéèyàn tètè jí tó, yóò bá a níbẹ̀ nínú kákí rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín nínú àpò àyà, níbi tí àwọn ọ̀gá yòókù ń fi bírò sí.

"Òdòdó kì í dúró de bọ́ọ̀sì," ni ọ̀gá wí. "Tó bá fi máa di Mọ́ńdè tí o ò tíì máa gbé ìlú yìí, mo ti rí ẹlòmíràn. Màá sì fẹsẹ̀ ara mi wá wo ibi tí ò ń gbé."

Abomirin pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lórí fóònù. Kò sóhun tí ẹ̀gbọ́n yìí ò mọ̀, àfi ohun tí wọ́n bá bi í.

"Kákí iṣẹ́ ẹ ni kó o wọ̀ wá yàrá," ni ẹ̀gbọ́n sọ. "Onílé tó bá rí kákí ti rí owó oṣù."

Ohun tí ẹ̀gbọ́n ò rántí ni pé kákí kan náà ni wolé-wolé káńsù ń wọ̀, àwọn tó ń ti ilé pa tí èrò bá ti pọ̀ jù níbẹ̀. Abomirin fi áyọ́ọ̀nù lọ tiẹ̀ títí ó fi le gbagidi bíi pákó, ó wá kan ilẹ̀kùn ilé àkọ́kọ́.

Kò, kò, kò.

Inú ilé dáhùn: gbì, gbì, gbàgà! Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́. Bàbá onílé yọjú.

"Ẹ káàsán, sà. Yàrá ni mò ń wá."

"Yàrá kẹ̀, ọ̀gá mi? Kò sẹ́ni tó ń gbé ilé yìí lẹ́yìn èmi."

"Gbogbo ilẹ̀kùn tí mò ń wò yìí ńkọ́?"

"Mo fẹ́ràn ilẹ̀kùn."

Abomirin wo okùn tí wọ́n sá aṣọ sí. Yúnífọ́ọ̀mù jẹ́lé-ó-sinmi tò síbẹ̀ lọ rẹrẹ.

"Aṣọ ta nìyẹn?"

"Tèmi ni. Ó ti ń fún mi díẹ̀."

Ẹnì kan sín nínú ilé. Háṣíìn!

"Ilé ni," ni bàbá wí, ojú rẹ̀ ò mì. "Ó ti dàgbà."

Ìyá onílé kejì ò tiẹ̀ jẹ́ kó lanu. Ó dì í lọ́wọ́ mú, ó wọ́ ọ lọ sẹ́yìnkùlé pé kó wá wo ṣáláńgá tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ilé kẹta, ṣáláńgá. Ilé kẹrin, ṣáláńgá. Èyí tí Abomirin wò lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ẹni tí inú ń run ò wò tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kó gbóòórùn ẹ̀. Ó gbóòórùn ẹ̀.

Yàrá, kò rí kan.

"Kí lo wọ̀?" ni ẹ̀gbọ́n bi í lórí fóònù.

"Kákí tẹ́ ẹ ní kí n wọ̀ ni."

"Èmi? Ta ló ń wọ kákí wá yàrá? Ìwọ ọmọ yìí, o ò gbọ́n o. Bọ́ ọ kíá."

Ó bọ́ ọ. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì kan tó ti ṣá, ó padà sí ilé àkọ́kọ́. Bàbá onílé ò dá a mọ̀.

"Yàrá? Ó wà."

Yàrá náà kéré débi pé ẹni tó bá fẹ́ yíjú padà níbẹ̀ ní láti kọ́kọ́ jáde. Àmọ́ owó rẹ̀ ò gani lára.

"Ibi ìsápamọ́ wà nínú owó yẹn," ni bàbá fi kún un.

"Ta la fẹ́ sá fún, sà?"

"Kákí. Bó bá ti kanlẹ̀kùn, kálukú á wọ ibi tiẹ̀. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ti kún, òkè àjà ti kún, télọ̀ ló ni dúrọ́ọ̀mù omi. Kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀ ló kù, kó o máa wọ ibẹ̀. Tó o bá fi lè jáde kí kákí tó lọ, kó ẹrù ẹ."

Abomirin gbà. Ó pe ọ̀gá, ó júwe ilé fún un.

Ọ̀sán Sọ́ńdè: kò, kò, kò.

"Kákí!" ni bàbá ta wọ́n lólobó. Gbì, gbì, gbàgà! Télọ̀ bọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù, jàbú! Abomirin ká ara rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, orúnkún kan àgbọ̀n. Ló bá gbọ́ ohùn kan tó mọ̀.

"Ẹ káàsán, bàbá. Ọmọọṣẹ́ mi kan sọ pé ibí lòun ń gbé."

"Irọ́ ló pa. Kò sẹ́ni tó ń gbé ilé yìí lẹ́yìn èmi."

"Ó dáa. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn."

Abomirin rò ó nínú òkùnkùn. Tó bá jáde, ilé lọ. Tí ò bá jáde, iṣẹ́ lọ.

Gbàù! Ó já jáde.

"Ọ̀gá, èmi rèé."

Bàbá onílé wò ó láti òkè délẹ̀. Irọ́ àkọ́kọ́ ti wà nílẹ̀, àfi kó to èkejì lé e.

"Mi ò mọ̀ ọ́n rí," ó ní. Ó wá figbe ta: "Olè o!"

Ta ni yóò gbọ́ olè tí yóò jókòó? Télọ̀ ru omi jáde nínú dúrọ́ọ̀mù. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì pọ ìyá kan jáde tòun tọmọ jẹ́lé-ó-sinmi mẹ́ta. Àjà ya, wòó! Bíríkìlà àti ìyàwó rẹ̀ já lulẹ̀. Ẹnì kan mú ìgbálẹ̀, ẹnì kan bọ́ bàtà. Ìgbà tí wọ́n yíjú ni wọ́n rí kákí.

Gbogbo wọn dúró gbagidi. Omi ń kán lára télọ̀: tó, tó, tó.

"Bàbá," ni ọ̀gá wí, "àwọn wo nìyí?"

"Àlejò mi ni."

"Gbogbo wọn?"

"Mo fẹ́ràn àlejò."

Télọ̀ nu ojú, ó wo Abomirin dáadáa. "Èyí kì í ṣe olè kẹ̀. Ayálégbé tuntun ni. Ti kọ́bọ́ọ̀dù."

Ọ̀gá wá mi orí pé òun gbà. "Ó ń gbé ìlú yìí lóòótọ́. Iṣẹ́ ẹ̀ ṣì wà."

Kò kọjú sọ́nà. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ló yọjú wò. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ wọn ìbú rẹ̀. Ó kan pákó rẹ̀, kó, kó. Ó yọ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín nínú àpò àyà, ó rọra gbé e sórí pẹpẹ òkè.

"Orí tábìlì ọ́fíìsì tí mò ń sùn yẹn ti fẹ́ kán mi lẹ́yìn," ó ní. "Bàbá, ìdajì tó kù yìí, èló lẹ máa gbà?"