Mọ́tò Pupa Tí Leah Ọlọ́ṣẹ Fi Sódà Fọ̀

Ẹjọ́ mọ́tò kan dé ààfin lánàá, inú àwo ìjẹun ni wọ́n sì gbé mọ́tò náà wá. Ilé Baálẹ̀ àdúgbò wa nítòsí Ọjà Igbó ni mo ń pè ní ààfin o. Ẹni tí inú bá ń bí, kó lọ kọ́ tirẹ̀. Èmi ni akọ̀wé ibẹ̀. Ọdún 1988 la wà yìí, mo ti kọ ẹjọ́ ewúrẹ́, ẹjọ́ ààlà àti ẹjọ́ àlá sílẹ̀, àmọ́ n kò tí ì rí mọ́tò tí wọ́n fi ìdérí dé rí.

Mùnírù ló pe ẹjọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kun mọ́tò onímọ́tò lọ́dà. Mọ́tò kéékèèké ló sì ń kó jọ sínú àpótí onígíláàsì nílé. Leah ọlọ́ṣẹ ló pè lẹ́jọ́, opó tó ti ń gbé yàrá kan nílé bàbá Mùnírù láti ọdún mọ́kànlá.

"Mùnírù, sọ tẹnu rẹ," ni Baálẹ̀ wí.

"Baba, ẹ kú ìjókòó. Mo lọ kí àna mi ní Ọ̀yọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo fi kọ́kọ́rọ́ yàrá mi sọ́wọ́ Màmá Leah, pé bí òrùlé bá ń jò, kí wọ́n bá mi gbé abọ́ sí i. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti bọ́ mọ́tò mi láwọ̀."

"Irú mọ́tò wo?"

"Mọ́tò asáré ilẹ̀ Ítálì ni. Alájì kan ló bá mi rà á bọ̀ láti Jẹ́dà. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí. Bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń ṣí. Bí ẹ bá yí sítíárì, táyà á yí."

"Ta ló ń wà á?"

"Kò sẹ́ni tó ń wà á, Baba. Wíwò ni."

Baálẹ̀ ṣí àwo, ó wò ó. "Kí ni wọ́n fi ṣe é?"

"Síńkì ni ara rẹ̀."

"Síńkì orí ilé?"

"Rárá, Baba. Wọ́n yọ́ eléyìí ni, bí àwọn tó ń rọ ìkòkò irin ṣe ń yọ́ tiwọn. Rọ́bà ni táyà. Ike ni ìjókòó. Gíláàsì iwájú rẹ̀ náà, ike ni."

"Ike ni gíláàsì," ni Ọ̀tún Baálẹ̀ wí. "Mo gbọ́."

"Àwọ̀ pupa ara rẹ̀ yẹn, ojoojúmọ́ ni mo máa ń jí wò ó kí n tó kírun."

"Kí o tó kírun?"

"Lẹ́yìn tí mo bá kírun ni, Baba. Wàláì, ó dùn mí dé ọkàn."

Baálẹ̀ yíjú sí Leah. "Ṣé ìwọ lo bọ́ ọ láwọ̀?"

"Èmi ni, Baba. Ìránṣẹ́ lásán ni mo jẹ́."

"Ta ló rán ọ?"

"Mọ́tò náà ni. Mo ń nu eruku ara rẹ̀, mo dojú rẹ̀ bolẹ̀, ni mo bá rí i lábẹ́ rẹ̀: ọ̀kan, tótó méjì tó gun ara wọn, méjìdínlógún. Orí kìíní, ẹsẹ kejìdínlógún. Ẹ mọ ohun tí ìwé wòlíì wí níbẹ̀: ohun tó pọ́n yóò di funfun. Mo wo mọ́tò, ó pọ́n. Sódà tí mo fi ń se ọṣẹ sì wà lórí iná, mo bá rì mọ́tò sínú rẹ̀."

"Mùsùlùmí ni mí, Baba," ni Mùnírù wí. "Ìwé wòlíì wọn kò kan mọ́tò mi."

"Mọ́tò kò sọ fún mi pé Mùsùlùmí ni òun."

"Ṣé ó wá funfun?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Ó dà bí eérú," ni Mùnírù dáhùn.

"Ó ń lọ síbẹ̀," ni Leah wí. "Wọ́n yára gbà á lọ́wọ́ mi ni."

Rúùtù, tí òun àti Leah jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà, jáde wá jẹ́rìí fún un.

"Ojú mi ló ṣe, Baba. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, omi tútù àti àdúrà ni Leah fi fọ̀ ọ́. Kò sí sódà níbẹ̀."

"Sódà wà níbẹ̀," ni Leah wí.

"Sódà wà níbẹ̀, ó tutù ni."

"Gbígbóná ni."

"Rúùtù, níbo lo dúró sí?"

"Mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, Baba."

"O wá ń rí ilé Mùnírù láti ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ojú ẹ̀mí ni mo fi rí i. Ojú ẹ̀mí kì í mọ gbígbóná."

Baálẹ̀ ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ni wọ́n bá pe tíṣà Fọlábí, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ó yí mọ́tò náà, ó wo abẹ́ rẹ̀.

"Baba, kì í ṣe ẹsẹ ìwé. Ìwọ̀n ni. Bí ẹ bá to irú èyí méjìdínlógún tẹ̀léra, gígùn wọn á tó ojúlówó mọ́tò kan. Ohun tó bá wà lára ojúlówó, ìdá kan nínú méjìdínlógún rẹ̀ ló wà lára eléyìí."

"Ohun gbogbo?"

"Ohun gbogbo, Baba."

Baálẹ̀ ń jẹ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu bí ẹni ń jẹ obì. "Mùnírù, kí lo wá fẹ́?"

"Kí àwọ̀ rẹ̀ padà bó ṣe wà, kí Màmá Leah sì kó jáde nílé wa. Kí wọ́n padà sí Ìkòyí-Ilé tí wọ́n ti wá."

Leah ló dáhùn. Lọ́tẹ̀ yìí, kò ka ẹsẹ kankan.

"Baba, ilé bàbá mi ní Ìkòyí ti wó. Kò sẹ́ni tí mo mọ̀ níbẹ̀ mọ́ àfi àwọn tó wà ní sàréè. Bí ẹ bá lé mi, n kò mọ ilẹ̀kùn tí mo máa kàn."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. N kò kọ ìyẹn sílẹ̀.

"Ká kọ́kọ́ mú ti àwọ̀," ni Baálẹ̀ wí. "Mùnírù, ṣebí ọ̀dà ni iṣẹ́ rẹ? Kùn ún padà."

"Kò lè rí bíi ti àkọ́kọ́ mọ́ láé, Baba."

Ọ̀tún dìde. Mùnírù ló kun Píjò rẹ̀ lóṣù tó kọjá. "Kí lo sọ fún mi nípa Píjò mi?"

Mùnírù na ọwọ́, ó fi ìdérí dé mọ́tò náà.

"O ní ẹni tó ṣe é gan-an kò ní mọ ìyàtọ̀."

Ìjòyè mẹ́ta mìíràn tó ní mọ́tò gbójú sókè. Mùnírù wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Baba, àwọ̀ eérú náà yẹ ẹ́. Mo ti fi ti àwọ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kó jáde."

Baálẹ̀ wúkọ́. "Leah ṣẹ̀. A kì í torí pé a mọ ẹsẹ ìwé ká máa se ohun olóhun. A lé e lọ sí Ìkòyí."

Leah fọwọ́ bojú.

"Ṣùgbọ́n mọ́tò tó ṣẹ̀ sí, ìdá kan nínú méjìdínlógún ni. Ìyà kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ. Tíṣà, ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn láti ilé Mùnírù dé Ìkòyí, wákàtí mélòó ni?"

"Bíi mẹ́sàn-án, Baba."

"Pín in sọ́nà méjìdínlógún."

"Ààbọ̀ wákàtí."

"Ká rin ààbọ̀ wákàtí láti ilé Mùnírù lójú ọ̀nà yẹn, kí ló wà níbẹ̀?"

Gbogbo ààfin ló mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ ọ́. Mùnírù fúnra rẹ̀ ló dáhùn.

"Ṣọ́ọ̀bù mi ni, Baba."

"Ibẹ̀ ni Ìkòyí rẹ̀. Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ibẹ̀ ni yóò ti máa ta ọṣẹ. Bí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, kó padà sí yàrá rẹ̀ nílé yín, torí a kì í lé opó síta lálẹ́."

"Baba, nílé, ní ṣọ́ọ̀bù?"

"Ìwọ lo ní ká lé e."

Láàárọ̀ yìí, mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Mùnírù kọjá. Leah ti tẹ́ ẹní, ó ti to ọṣẹ sórí rẹ̀, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Mọ́tò pupa kan wà lára àwọn tí wọ́n gbé wá fún Mùnírù kùn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Leah kúnlẹ̀ sí, ó tẹ orí ba, ó ń yọjú wo abẹ́ rẹ̀ bóyá wọ́n kọ nǹkan síbẹ̀.