Òróró Efinrin Ọ̀jọ̀gbọ́n Akíndé

Tí ẹ bá dé Ṣàngó-Ọ̀tà, tí ẹ rí ọkùnrin kan tó wọ kóòtù funfun àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lọ ra búrẹ́dì, ẹ tètè dọ̀bálẹ̀. Akíndé nìyẹn. Ẹ má sì pè é ní Akíndé lásán o, inú a máa bí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akíndé ni, Ọba Ewéko, Baba Òróró, ẹni tí efinrin rí tó tẹrí ba. Bírò mẹ́rin ló wà lápò àyà rẹ̀, ọ̀kan péré ló ń kọ̀wé.

Yunifásítì wo ló ti gboyè? Mo bi í lẹ́ẹ̀kan, ó ní aláìmọ̀kan ni mí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé sálúbàtà ló ń tà nítòsí Toll Gate títí di ọdún tó kọjá. Ọba Ewéko yìí ò wọ igbó rí. Bí ewé kan ṣoṣo bá kàn án nímú, á sín títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n.

Lọ́jọ́ kan ni ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan ládùúgbò wa kéde pé àwọn ń wá ẹni tí yóò máa kó òróró efinrin inú igbó wá fún àwọn. Ẹnì kan péré ni wọn yóò mú. Ruqoyah, ará Oju Ore, gbé tirẹ̀ wá. Obìnrin yìí ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kó tó rí ìkòkò tó fi ń se ewé rà. Odidi àpò efinrin kan, òróró tó ń rí nínú rẹ̀ kì í kún ìgò oògùn ikọ́. Bí wọn ò bá mú un, kò ní iṣẹ́ tí yóò padà sí mọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wa náà gbọ́. Ṣé ó mú àdá ni? Rárá o. Ó gba ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí lọ, ó ní kí wọ́n fún òun ní èyí tí òórùn rẹ̀ le jù lọ. Fàlílù tó ni ṣọ́ọ̀bù bi í jẹ́jẹ́ pé, "Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

"Tọkùnrin tobìnrin ni o," Akíndé dáhùn. "Títí kan àwọn ọmọdé. Gbogbo Ọ̀tà ni!"

Fàlílù káwọ́ lérí, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó di gbogbo káfúrà tó kù ní ṣọ́ọ̀bù fún un, kò sì gba kọ́bọ̀. Ẹ̀yin Mùsùlùmí tó ń ka èyí ti ń rẹ́rìn-ín, mo mọ̀. Kí ẹ̀yin yòókù fara balẹ̀ ná.

Baba Òróró lọ káfúrà náà kúnná, ó yọ́ ọ sínú òróró àgbọn, ó kọ "EFINRIN IGBÓ ÒGIDÌ" sára ìgò. Lọ́jọ́ ìdánwò, ó fi ìdajì ìgò para láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kí òórùn lè ṣáájú rẹ̀ wọlé.

Jùwọ́n ló ń dán òróró wò nílé iṣẹ́ náà. Ó ní ẹ̀rọ kan tó ń tú òróró palẹ̀, tó sì ń fa ìlà sórí ìwé fún ohun kọ̀ọ̀kan tó bá bá nínú rẹ̀. Ìlà tó wà lórí ìwé Ruqoyah lé ní ogún, gíga, kúkúrú, bí eyín ìyarun. Ti Akíndé, ìlà gbọọrọ kan ṣoṣo ni.

"Prófẹ́sọ̀, èròjà tí wọ́n ń pè ní tímọ́ọ̀lù ló máa ń pọ̀ jù nínú efinrin tibí," ni Jùwọ́n wí. "Mi ò rí i nínú tiyín rárá. Where is it, sir?"

"Tèmi lágbára. Ó ti jẹ àwọn yòókù tán."

"Òróró ń jẹ òróró, sà?"

"Ẹ̀rọ yín ò nímú!" Akíndé figbe ta. "Ṣé ẹ̀rọ ló máa fi ọṣẹ wẹ̀? Ẹ pe àwọn tó nímú wá!"

Àwọn tó nímú ò jìnnà. Ilé iṣẹ́ yẹn a máa pe àwọn ìyá àdúgbò wá gbóòórùn ọṣẹ kí wọ́n tó gbé e jáde, márùn-ún wọn sì ti jókòó síta. Wọ́n wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ kún ẹnu ọ̀nà láti wòran. Ìyá Hàlímọ̀tù ló ṣáájú. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ìyá yìí ti ń wẹ òkú àwọn obìnrin Mùsùlùmí ní Oju Ore, káfúrà ni wọ́n sì máa ń pò mọ́ omi ìkẹyìn tí wọ́n fi ń wẹ òkú.

Ìyá dúró lójijì. "Ìnná lìláhi wa ìnná iléhi rájíúnà! Ta ló kú níbí?"

"Ẹnikẹ́ni ò kú, Ìyá," ni Jùwọ́n wí.

Ìyá ti ń lọ. Imú rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé. Ó kọjá lára tábìlì, ó kọjá lára Ruqoyah, ó dúró síwájú Ọba Ewéko. Ó gbóòórùn orí rẹ̀, ó gbóòórùn ọrùn rẹ̀, ó wá fọwọ́ kan kóòtù funfun náà.

"Ọmọ mi, ta ló wẹ̀ ọ́?"

"Wẹ̀ mí bíi báwo? Efinrin nìyí, Mà! Láti inú igbó!"

"Káfúrà ni. Wọ́n ti wẹ̀ ọ́ tán, wọ́n ti wọ funfun fún ọ. Kí lo tún ń sọ̀rọ̀ fún? Dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́, má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n pẹ́ sin ọ́."

"Abeg, make una no bury Prof for here o!" ẹnì kan kígbe lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rín sọ.

Jùwọ́n gbé ìwé ẹ̀rọ sókè. "Ohun tí ẹ̀rọ náà kọ nìyẹn, Ìyá. Káfúrà."

Ìyá wo ẹ̀rọ náà tìyanutìyanu. "Òun náà ti wẹ òkú rí ni?"

Ruqoyah ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ìgò tirẹ̀ fún àwọn ìyá. Òórùn efinrin tòótọ́ gba gbogbo yàrá náà, ó sì gba imú Ọba Ewéko. Ó sín. Ó tún sín. Nígbà tó fi sín ìkeje, bírò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti balẹ̀.

"Àlùhàmdùlílà," ni Ìyá Hàlímọ̀tù wí, "ó jí."

Ruqoyah ni wọ́n mú. Ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó sunkún ayọ̀. Akíndé ní tirẹ̀ forí lé géètì, gbogbo èèyàn ń yà fún un lọ́nà, wọn ò fẹ́ kó fara kàn wọ́n. Máígàádì tó ti kí i ní sàlúù láàárọ̀ rí i tó ń bọ̀. Ó gbóòórùn, ó ṣí fìlà, ó dorí kodò.

"Ó dàárọ̀ o, Prófẹ́sọ̀."