Ó Kù Díẹ̀ Ká Dé Òkè

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni Thurman fi ń sọ káàkiri ìjọ pé òun lòun máa ṣáájú ẹgbẹ́ àgbàlagbà gun òkè lọ wo àfonífojì ní Sátidé. Màmá Odessa, ìyá ìyàwó rẹ̀, ni olórí ẹgbẹ́ náà, ó sì ní kó kọ́kọ́ mú òun lọ kóun fojú ara òun rí i bóyá ó lè ṣe é. Lọ́dọ̀ wa ní Carolina níbí, ọ̀nà tí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ń sáré gùn lọ̀nà ọ̀hún. Thurman gbé báàgì tó ga ju orí rẹ̀ lọ, ó mú ọ̀pá ìtilẹ̀ méjì, ó sì dé fìlà tuntun tí wọ́n rán AṢÁÁJÚ sí níwájú. Màmá gbé pọ́ọ̀sì rẹ̀ àti ẹ̀pà sísè.

THURMAN: (ó dúró lójijì) Ẹ dúró, Màmá. Ẹ gbọ́ ẹyẹ yẹn.

ODESSA: Mi ò gbọ́ ẹyẹ kankan. Nǹkan kan ló ń súfèé láyà ẹ.

THURMAN: Bá a ṣe ń mí lórí òkè nìyẹn. Ó ní bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ.

ODESSA: Orí òkè wo? Mo ṣì ń rí mọ́tò wa láti ibí.

(Tọkọtaya kan ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Wọ́n kí Màmá pé ẹ káàárọ̀. Wọ́n wo Thurman, wọ́n ní, “Ó kù díẹ̀. Ẹ ti fẹ́ẹ̀ débẹ̀.”)

THURMAN: Ẹ ò rí i? Wọ́n kàn kí ẹ̀yin ni. Èmi ni wọ́n jábọ̀ fún.

ODESSA: Mo rí i.

THURMAN: Wọ́n máa ń dá ẹni tó mọ òkè mọ̀.

ODESSA: Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Máa gbé ẹsẹ̀.

(Wọ́n rìn díẹ̀. Thurman tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.)

ODESSA: Kí tún ni?

THURMAN: Mo fẹ́ so okùn bàtà mi.

ODESSA: Bàtà ẹ ò lókùn.

THURMAN: Ìdí tí mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyẹn.

ODESSA: Kí ló tiẹ̀ wà nínú báàgì yìí?

THURMAN: Okùn, fèrè, àti agogo tá a fi ń lé béárì.

ODESSA: Béárì tó bá gbọ́ bó o ṣe ń mí, ó ti sá. Á rò pé ẹran tó ju òun lọ ló ń bọ̀. Gbé báàgì yẹn wá.

(Ó kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò fẹ́, ó sì yára gbé e fún un. Ọmọbìnrin kékeré kan di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Ó yọ rọ́bà tó ń fà mu kúrò lẹ́nu, ó ní fún Thurman pé, “Ó kù díẹ̀.” Ó dá rọ́bà padà sẹ́nu.)

THURMAN: Ọmọdé pàápàá mọ̀ mí. Màmá, ẹ fọwọ́ sí i, kí n lọ múra Sátidé.

ODESSA: Jókòó sórí òkúta yìí ná, kó o jẹ ẹ̀pà. Mi ò tíì bí ìyàwó ẹ tí mo ti ń gun òkè yìí. Tá a bá ń sọ̀ kalẹ̀, tá a pàdé ẹni tára ẹ̀ le, a máa ń kí i ni. Ẹni tó bá jọ pé ó fẹ́ kú mọ́ wa lọ́wọ́ là ń sọ fún pé ó kù díẹ̀.

(Thurman ò jẹ ẹ̀pà mọ́.)

THURMAN: Ṣé kò wá kù díẹ̀ ni?

ODESSA: A ò tíì dé ìdajì.

THURMAN: Màmá, mo ti sọ fún gbogbo ìjọ. Ẹ wo fìlà. Ibo ni mo fẹ́ fojú sí?

ODESSA: Mo ti rò ó. Dé e wá ní Sátidé. Iwájú lo máa wà.

THURMAN: (ojú rẹ̀ dán) Níwájú gbogbo yín?

ODESSA: Níwájú gan-an. Ó ti sú àwọn àgbàlagbà wa láti máa gbọ́ “ó kù díẹ̀” lẹ́nu gbogbo ẹni tó bá ń bọ̀ wálẹ̀. Tí àwọn tó ń bọ̀ wálẹ̀ bá kọ́kọ́ pàdé ẹ, irọ́ á ti tán lẹ́nu wọn kó tó kàn wá.