Alùpùpù Tí Kò Gbé Ìyá Ìyàwó

Ẹ fìdí kalẹ̀ díẹ̀, kí n sọ ọ̀rọ̀ Kpadonu fún yín. Kì í jalè, kì í mutí, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é: ohunkóhun tí o bá ṣe, òun ti ṣe é rí, tòun sì dára ju tìrẹ lọ. Bí o bá sọ fún un pé eyín ń dùn ọ́, á ní tòun le jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun fúnra òun lòun sì fà á yọ.

Zémíjàn, iṣẹ́ fífi alùpùpù gbé èrò, ló ń ṣe, bíi ti ìdajì àwọn ọkùnrin ìlú wa, Bohikọn. Ní èdè Fọ̀n, "gbé mi kíá" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Èmi ni mò ń ta epo inú ìgò ní oríta tí wọ́n ń kóra jọ sí, nítorí náà kò sí ọ̀rọ̀ wọn tí kì í kọjá létí mi.

Ìyàwó rẹ̀, Nonvinyọ, ti kó lọ sílé ìyá rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní ọkọ òun ń yin ara rẹ̀ lójú oorun, òun ò sì rí oorun sùn mọ́. Kpadonu bẹ̀bẹ̀ títí. Níkẹyìn ìyá ìyàwó ní kò burú. Òun ni táńyìnọ̀n ìdílé wọn, àgbà obìnrin tó ń bá àwọn òkú wọn sọ̀rọ̀, wọ́n fẹ́ gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún àwọn òkú náà ní Àgbómẹ̀, wọn ò sì lè ṣe é bí òun ò bá sí níbẹ̀. Kí Kpadonu gbé òun dé Àgbómẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, kí oòrùn tó mú. Nonvinyọ yóò ti ṣáájú lọ bá wọn dáná. Bí alùpùpù náà bá gbé ìyá dé, yóò gbé ọmọ padà sílé ọkọ.

Ẹlòmíràn ì bá fọ alùpùpù rẹ̀, kó lọ sùn. Kpadonu ní kò sí mẹkáníìkì tó mọ ohun tó yẹ àgbà. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí fún ọjọ́ méjì gbáko, ó ń kan nǹkan. Nígbà tó gbé alùpùpù náà jáde, mo kọ́kọ́ rò pé ṣọ́ọ̀bù kan ló ń rìn bọ̀. Iná pupa wà lára rẹ̀, iná tó ń ṣẹ́jú wà, fèrè ọkọ̀ akẹ́rù wà, ẹ̀rọ tó ń kọrin náà wà. Ó ti yọ ìjókòó ẹ̀yìn dànù, ó fi pákó kan ìtẹ́ síbẹ̀, ó lẹ tìmùtìmù mọ́ ọn, ó sì fi àrán pupa bò ó.

"Àwọn ọba Àgbómẹ̀ pàápàá ò jókòó sórí irú èyí rí," ó wí fún mi. "Èmi ni mo fúnra mi ṣe é."

Láàárọ̀ Sátidé, ìyá ìyàwó dé oríta wa pẹ̀lú aṣọ funfun àti igbá lọ́wọ́. Obìnrin tó sanra dáadáa ni. Èèyàn méjì ló ràn án lọ́wọ́ kó tó lè gun ìtẹ́ náà. Kpadonu gbé ẹsẹ̀ sókè, ó tẹ alùpùpù láti tan án. Kò dún. Ó tún tẹ̀ ẹ́ títí òógùn fi bò ó, kò dún.

Ó yíjú sí mi. Ó ní epo mi ló bà á jẹ́, pé kpayo ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ rẹ̀ nìyẹn, mo kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó. Gbogbo wa ní Bohikọn la ń pe epo inú ìgò ní kpayo, ìyẹn ayédèrú, gbogbo wa la sì ń rà á. Ó sọ ìyá ìyàwó kalẹ̀, ó da epo mi síta, ó lọ ra ti ẹni tó kọjú sí mi, tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń rà lọ́wọ́ ẹnì kan náà. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dún.

"Ṣé ẹ rí i?" ó wí. Ìyá ìyàwó gun ìtẹ́, ẹ́ńjìnnì kú.

Ó ní púlọ́ọ̀gì ni. Ó sọ ìyá kalẹ̀, ó nu púlọ́ọ̀gì, alùpùpù dún. Ìyá jókòó, ẹ́ńjìnnì kú. Ó ní wáyà ni, ó sọ ìyá kalẹ̀, ó fa wáyà, ó dún. Ìyá jókòó, ó kú. Nígbà yìí, àwọn èèyàn ti kúrò lórí wíwo alùpùpù, ìyá ni wọ́n ń wò. Ẹnì kan sọ jẹ́jẹ́ pé bóyá àwọn òkú ò fẹ́ rí i lónìí. Ojú ìyá àgbà ti pọ́n, àánú rẹ̀ sì ṣe mí.

Ẹnu Kpadonu kò lè dúró jẹ́ẹ́. "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ lè fúyẹ́ díẹ̀?"

"Kí n ṣe é báwo?" ìyá bi í. "Ṣé kí n fi ìdí mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ elépo, kí n padà wá gbé e?"

Sẹwanu, zémíjàn bíi Kpadonu, tó gbẹ bí igi ìdáná, ní kí òun dán an wò. Kpadonu tún tan án, Sẹwanu jókòó sórí ìtẹ́, ẹ́ńjìnnì kú. Kpadonu ní ìlara rẹ̀ ló pa á.

Wọ́n ti ń pè láti Àgbómẹ̀ pé oúnjẹ ń tutù. Ìyá gbé igbá rẹ̀, ó gun alùpùpù Sẹwanu, èyí tí wọ́n fi okùn rọ́bà so iná rẹ̀. Ó dún ní títẹ̀ àkọ́kọ́. Kpadonu tẹ̀ lé wọn. Alùpùpù tirẹ̀ ń sáré geere, orin ń lọ, iná ń ṣẹ́jú, fèrè ń ké bíi màlúù, kò sì sí ẹnikẹ́ni lórí ìtẹ́ pupa náà.

Sẹwanu ló sọ ìyókù fún mi, kò sì dín in kù. Ìyá dé bá wọn lákòókò, wọ́n ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Lẹ́yìn oúnjẹ, Sẹwanu ṣí ìtẹ́ náà wò. Ìṣó kan yọ lábẹ́ pákó. Bí ẹnikẹ́ni bá ti jókòó, ìṣó á wọlé sínú wáyà tí Kpadonu fà fún iná tó ń ṣẹ́jú, ẹ́ńjìnnì á sì kú.

Kpadonu kúnlẹ̀ síwájú ìyá ìyàwó, ó ní òun ti gbìyànjú. Ìyá nawọ́ sí ìtẹ́ pupa náà.

"Alùpùpù rẹ jọ ọ́ púpọ̀," ó wí. "Ọmọ mi á padà lọ́jọ́ tí o bá gbà pé èèyàn méjì ló wà láyé."

Níbẹ̀ ni Kpadonu ti fi ọwọ́ lásán ya ìtẹ́ náà kúrò, pákó, àrán, gbogbo rẹ̀. Nonvinyọ rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú. Òun fúnra rẹ̀ ló wá àpò ìrẹsì tó ti ṣófo, ó ká a sórí irin, ó jókòó lé e, alùpùpù sì gbé wọn délé.

Wọ́n yà lọ́dọ̀ mi ra epo nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Inú mi dùn láti rí àwọn méjèèjì pa pọ̀. Mo ń da epo lọ́wọ́ nígbà tí Kpadonu tẹ̀ síwájú, tó rọra fi ọwọ́ lu àpò ìrẹsì lábẹ́ ìdí ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá elépo, ẹ wo ìjókòó yìí dáadáa," ó wí. "Èmi ni mo fúnra mi ṣe é."