Bí Mo Ṣe Sọ Ìyá Ìyàwó Mi Nù Lórí Òkè Yìnyín

Bí mo bá gbàgbé ohun gbogbo láyé, n ò lè gbàgbé ọjọ́ tí mo sọ ìyá ìyàwó mi nù lórí òkè yìnyín.

Màmá wá kí wa ní Parkchester, níbi tá à ń gbé lókè òkun, láti Abẹ́òkúta, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ibi táwọn òyìnbó ti ń so pákó mọ́ ẹsẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín. Ìyàwó mi wà lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ló bá kàn mí. Nígbà tá a dé ọ̀hún, wọ́n ní mọ́tò ò gbọdọ̀ gun òkè mọ́, èéfín ti pọ̀ jù. Àwọn tó ni òkè méjì tó múlé tira, tí wọ́n ti ń du oníbàárà mọ́ra wọn lọ́wọ́ tipẹ́, ti pawọ́ pọ̀ ta wáyà láti ẹsẹ̀ òkè kan, gba orí rẹ̀, dé ẹsẹ̀ èkejì. Inú àpótí onígíláàsì tó ń rìn lórí wáyà náà ni kálukú ń wọ̀. Inú bí mi. Èmi tí mo ń fi mọ́tò jẹun, kí n wá máa rọ̀ dirodiro bí aṣọ tí wọ́n sá?

Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ṣàlàyé pé orí òkè àkọ́kọ́ ni ká bọ́ọ́lẹ̀ sí, pé bá a bá jókòó sínú àpótí náà, òkè kejì ló máa gbé wa lọ. A débẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí, Màmá bọ́ọ́lẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Èmi ń ya fídíò. Kí n tó gbójú sókè, ilẹ̀kùn ti pa dé, àpótí ti ń gbé mi lọ. Mo gbá gíláàsì títí. Màmá rò pé mo ń juwọ́ ni, àwọn náà juwọ́ sí mi.

Fóònù wọn sì wà nínú mọ́tò.

Ní ẹsẹ̀ òkè kejì, níbi tí àpótí já mi sí, mo bẹ obìnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ pé kó dá mi padà. Ó ní ìjì ti dé, wọ́n ti dá wáyà dúró, kí n lọ wọ bọ́ọ̀sì oníná tó ń yí ẹsẹ̀ òkè ká.

"Àgbàlagbà ni mo fi sílẹ̀ lókè yẹn," ni mo wí.

Ó ní wọ́n á gbé gbogbo ẹni tó wà lókè sọ̀ kalẹ̀, kí n fọkàn balẹ̀. Ọkàn wo?

Mo kẹ̀yìn sí títì, mo ń tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì. Àṣé bọ́ọ̀sì tí kì í mu epo kì í pariwo. Ó ti kó èrò, ó ti ń lọ kí n tó yíjú. Mo sá tẹ̀lé e, yìnyín gbà mí lẹ́sẹ̀, mo fìdí balẹ̀ gbì. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí tí ìyàwó mi fi pè.

"Ẹ gbé fóònù fún Màmá."

"Wọ́n ń wo òkè."

"Òkè wo ni wọ́n ń wò tí wọn ò lè sọ̀rọ̀?"

Mo ní nẹ́tíwọ̀kì ò dára, mo pa fóònù.

Bọ́ọ̀sì tó tẹ̀lé e ló gbé mi padà. Mo bá Màmá nínú ilé oúnjẹ nísàlẹ̀ òkè, wọ́n fi búláńkẹ́ẹ̀tì bora, wọ́n ń mu tíì gbígbóná. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú gbogbo èèyàn.

"Dìde, àna mi," ni Màmá wí. "Orí ni mo fi mọ nọ́ńbà ọmọ mi. Mo tọrọ fóònù lọ́wọ́ àwọn tó gbé mi sọ̀ kalẹ̀, mo sì ti bá a sọ̀rọ̀. Ó ń dúró dè ẹ́ nílé."

Wáyà àti bọ́ọ̀sì ò ṣẹ̀ mí, iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe. Èmi ni n ò ṣe tèmi. Ẹni tó bá mú àgbà jáde, àgbà ni kó máa wò. Títí dòní, bí mo bá ní kí n gbé Màmá dé ṣọ́ọ̀ṣì lásán, ìyàwó mi á ní òun náà ń bọ̀. Ó máa ń dùn mí díẹ̀. Lẹ́yìn náà, màá rẹ́rìn-ín, nítorí kí ni mo fẹ́ sọ?