Ọkọ̀ Ìjàpá Tí Mo Fura Sí

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé, bí mo tilẹ̀ ti gbìyànjú láti gbàgbé rẹ̀. Ọjọ́ náà ni mo pe olóòótọ́ ènìyàn ní olè níwájú bàbá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́, bẹ́ẹ̀ lára mi ni ohun tí mo ní ó jí wà. Mo ti dàgbà báyìí, ojú kì í tì mí tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí mo jẹ́ nígbà náà. Akọ̀wé ni mí ní ilé ìkẹ́rùsí kan nítòsí pápá ọkọ̀ òfuurufú, mo háyà yàrá kan ní Máfolúkù, mi ò sì gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Ìgbà tí owó epo rọ̀bì wọ̀lú ni. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ lánàá ti ra ọkọ̀ lónìí, àwọn tó ń jí ọkọ̀ náà sì ń pọ̀ sí i. Bí ènìyàn bá kí mi láàárọ̀, màá rò ó títí di ọ̀sán pé kí ló ń wá lọ́wọ́ mi. Ìyá onílé wa sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé bí mo bá kú, màá dìde jókòó nínú pósí láti wo ẹni tí kò sunkún dáadáa. Mo bi í pé ta ló sọ fún un pé mo fẹ́ kú.

Nígbà tí èmi náà máa ra ọkọ̀, gbogbo ènìyàn ní kí n ra Ìjàpá, ọkọ̀ kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto tí àwọn ará Jámánì ṣe. Wọ́n ní àwọn Jámánì kì í fi irin ṣeré. Wọ́n ní ó ń gun òkè, ó ń la ẹrẹ̀ kọjá, kì í mu omi, kì í kú. Ìyìn yẹn pọ̀ jù fún mi. Ọkọ̀ wo ni kì í mu omi? Mo ti rí bí ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe máa ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n á máa rú èéfín, tí awakọ̀ á máa sá kiri pẹ̀lú garawa. Èyí ò ní rédíétọ̀ rárá, atẹ́gùn ló ń tù ú lára, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì wà lẹ́yìn níbi tó yẹ kí ẹrù wà. Lójú mi, ẹni tó gbé ẹ́ńjìnnì lọ sẹ́yìn ní ohun tó ń fi pa mọ́. Síbẹ̀ mo rà á, àlòkù, aláwọ̀ ewé, nítorí òun ni agbára mi ká. Odidi oṣù méjì ni mo fi gbé kẹ́ẹ̀gì omi kan kiri nínú rẹ̀, mò ń dúró de ọjọ́ tí yóò béèrè. Kò béèrè.

Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ni Ọ̀gá Lámídì, mẹkáníìkì kan ní Ṣógúnlé, ọmọ Ìwó, tó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìyẹn náà sì ń kọ mí lóminú. Gbogbo Èkó ló mọ̀ pé mẹkáníìkì tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run lè yọ ojúlówó ẹ̀yà ara ọkọ̀ Jámánì, kó fi ayédèrú rọ́pò rẹ̀. Ọgbọ́n tí àwọn tó ní ọkọ̀ ń dá nígbà náà ni pé wọ́n á fi ọ̀dà sàmì sí bátìrì àti táyà wọn. Èmi ò dúró lórí bátìrì. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, nígbà tó ku ọ̀la kí n gbé ọkọ̀ lọ fún un, mo fi ọ̀dà pupa ya àgbélébùú sára gbogbo ohun tí ọwọ́ mi tó nínú ẹ́ńjìnnì náà, títí kan bẹ́líìtì. Nígbà tí mo ṣe tán, ó dà bí ọmọ tí ilẹ̀ẹ́gbóná bá jà.

Dúpẹ́ ni ìdí tí mo fi fẹ́ tún ọkọ̀ ṣe. Tíṣà ni Dúpẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìsọlọ̀, àwa méjèèjì sì ti gbà láti fẹ́ ara wa. Ìyá rẹ̀ fẹ́ràn mi. Bàbá rẹ̀ ni kò tíì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ó ti bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jagun dé Bọ́mà, ó sì ṣì máa ń dúró ṣánṣán bí ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ń bọ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun, olórí ẹbí wọn, fẹ́ kọ́kọ́ fojú ara rẹ̀ rí mi kí àwọn èèyàn mi tó wá tọrọ ọmọ, ó sì ń retí wa ní Abẹ́òkúta ní agogo méjìlá ọ̀sán Sátidé.

Bàbá ní, "Ọkọ̀ rẹ la máa gbé lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kì í dúró de ènìyàn. Tí a bá pẹ́, ohun tó fẹ́ mọ̀ nípa rẹ, ó ti mọ̀ ọ́n nìyẹn."

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo jókòó ti Ọ̀gá Lámídì láti àárọ̀, mò ń ṣọ́ gbogbo sípánà tó ń mú. Ó fi iṣu sísun lọ̀ mí, mi ò jẹ, kí n má baà gbójú kúrò. Nígbà tó di ọ̀sán wọ́n ránṣẹ́ pè mí níbi iṣẹ́, mo sì fi í sílẹ̀ fún bíi wákàtí méjì. Nígbà tí mo padà dé, ó ti parí, ó ti dé ẹ̀yìn ọkọ̀ pa. Ó ní, "Akọ̀wé, mo ti bá yín tọ́jú ẹ̀ dáadáa. Ẹ máa lọ." Mò ń kánjú, mi ò ṣí i wò.

Ní Sátidé, mo dé Ìsọlọ̀ ní agogo méje àbọ̀, nínú agbádá tuntun tí mo dá fún ọjọ́ náà. Wọ́n ní kí n wọlé wá jẹun kí a tó gbéra. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan dúró ní òdìkejì títì, wọ́n sì ń wo ọkọ̀ mi. Bóyá wọ́n kàn ń wò ó ni. Mo ṣí ẹ̀yìn díẹ̀, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láìwò, mo yọ rọ́tọ̀. Rọ́tọ̀ jẹ́ ohun kékeré kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ, ó wà lábẹ́ ìdérí dúdú tí àwọn wáyà pílọ́ọ̀gì ti jáde. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì ò lè ṣiṣẹ́, olè ò sì lè gbé ọkọ̀ lọ. Mo wé e sínú áńkáṣífù, mo kì í bọ àpò ṣòkòtò, mo fa agbádá bò ó, mo wọlé.

Bàbá Dúpẹ́ ò jẹ́ kí n gbádùn búrẹ́dì náà.

"Ọkọ̀ Jámánì lo rà," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?"

Mo ní mi ò mọ̀. Ó gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. "Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, ìjọba wọn ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa ra sítáǹbù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì. Tí káàdì bá ti kún, wọ́n á gba ọkọ̀ yìí gan-an. Wọ́n rà á, wọ́n lẹ̀ ẹ́. Ogun dé, ilé iṣẹ́ náà di ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ ológun. Àwọn tó lẹ sítáǹbù ò rí ọkọ̀ gbà. Sájẹ́ńtì Gẹ̀ẹ́sì kan ló sọ ọ́ fún mi."

"Ṣùgbọ́n wọ́n ń tà á fún gbogbo èèyàn báyìí, sà. Wọ́n tiẹ̀ ti ń tò ó pọ̀ níbí, lọ́nà Badagry."

"Lẹ́yìn ogun nìyẹn. Bọ́ǹbù ti ba ilé iṣẹ́ náà jẹ́, àwọn ṣójà Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e dìde. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì wá wò ó, wọ́n ní ó burẹ́wà, kò sẹ́ni tó máa rà á." Ó wo ìta láti ojú fèrèsé. "Ó ti wá kún gbogbo ayé báyìí. Èmi ò tíì mọ̀ bóyá kí n fọkàn tán an."

Ojú mi ló ń wò nígbà tó sọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn. Jìnnìjìnnì bò mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tí màá sọ ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á rántí rọ́tọ̀. Èmi ò rántí.

Ní agogo mẹ́jọ kọjá díẹ̀ a wọ ọkọ̀, Bàbá níwájú, Dúpẹ́ àti ìyá rẹ̀ lẹ́yìn. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ ń kérora, kò dáhùn. Mo yí i títí, kò dáhùn. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ gbayawu, mo wá rí i pé kò sí àgbélébùú kankan níbẹ̀ mọ́. Kò sí lára kábúrétọ̀, kò sí lára bẹ́líìtì. Gbogbo ara ẹ́ńjìnnì náà ń dán. Ara mi kọ́kọ́ tutù, lẹ́yìn náà ó gbóná.

Mo ní, "Ó ti pààrọ̀ gbogbo ẹ̀."

Bàbá ní, "Mo ti sọ fún ọ nípa àwọn Jámánì."

"Kì í ṣe Jámánì, sà. Ọmọ Ìwó ni."

A wọ takisí, èmi àti Bàbá, a forí lé Ṣógúnlé. Ní Òṣòdì, wọ́n ti dí ọ̀nà níbi réèlì, rélùwéè ẹlẹ́rù kan sì ń wọ́ kọjá bí ẹni pé kò fẹ́ tán. Bàbá ń wo aago rẹ̀. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Lámídì, ó ń fọ ọwọ́ láti jẹun. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, "ẹ" ni mo máa ń fi bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ náà mo sọ ọ́ nù.

"Lámídì, níbo lo kó ẹ́ńjìnnì mi lọ? Olè ni ọ́."

Àwọn aládùúgbò jáde wá wò wá. Ó wò mí, ó nu ọwọ́, ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì wọ takisí náà láìsọ nǹkan kan. Mo ní ẹ̀rí ọkàn ló mú un dákẹ́.

Ní Ìsọlọ̀, ó ṣí ìdérí dúdú yẹn. Ó ní, "Akọ̀wé, rọ́tọ̀ ò sí níbí."

Mo kọjú sí Bàbá. "Ẹ gbọ́ ọ fúnra yín, sà. Ó mọ ohun tó yọ."

"Tó bá jẹ́ pé mo yọ ọ́ lánàá," Lámídì wí, "kí lẹ wá fi wakọ̀ dé ibí láàárọ̀ yìí?"

Ìbéèrè náà mọ́gbọ́n dání, nítorí náà mo pariwo bò ó mọ́lẹ̀. Mo ní kí wọ́n tú ara rẹ̀ wò, àti àpótí rẹ̀, àti abẹ́ fìlà rẹ̀. Bàbá gbé ọwọ́ sókè. Ó ní ní Bọ́mà, tí nǹkan bá sọnù, wọn kì í tú ara ẹnì kan ṣoṣo, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló ń tú àpò, láti orí ọ̀gá. Ó sì kọ́kọ́ tú tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ó kó gíláàsì ojú àti ìwé orin kékeré jáde. Ìyá Dúpẹ́ tú ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀. Dúpẹ́ ṣí báàgì. Lámídì yí àpò rẹ̀ síta, tẹ̀súbáà kan àti nọ́ọ̀tì méjì ló wà níbẹ̀. Ó wá kàn mí.

Mo ká agbádá sókè, mo ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n kí ọpọlọ mi tó mọ̀ ọ́n. Mo dúró bẹ́ẹ̀. Ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n jẹ́ kó bọ́ sínú gọ́tà, ṣùgbọ́n ojú Dúpẹ́ ò kúrò lọ́wọ́ mi. Mo fà á jáde.

Lámídì gbà á, ó tú áńkáṣífù kúrò, ó fi rọ́tọ̀ sí àyè rẹ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fi ohùn kékeré bi í pé àwọn àmì pupa wá ńkọ́.

Ó ní, "Ọ̀dà tútù kan ló ta sí gbogbo ara ẹ̀. Mo rò pé ẹnì kan ló fẹ́ ba ọkọ̀ yín jẹ́. Mo fi bẹntiróò fọ̀ ọ́ kúrò fún yín."

Bàbá ò bá mi wí. Ì bá sàn kó bá mi wí. Ó kàn sọ fún Lámídì pé, "Jọ̀ọ́, ìwọ ni kó o wà wá lọ," ó sì jókòó tì í níwájú. Wọ́n fi èmi sẹ́yìn, mo ká agbádá lé orúnkún, Ìyá Dúpẹ́ wà láàárín èmi àti ọmọ rẹ̀. Títí a fi kọjá Ọ̀tà, Dúpẹ́ ò wo ẹ̀gbẹ́ tí mo wà. Mo mọ̀ pé mo ti ń pàdánù rẹ̀ bí a ṣe ń lọ yẹn, ọkàn mi sì bàjẹ́. Ọkọ̀ náà ń sáré geere, ó ń kọjá lára àwọn ọkọ̀ ńlá tí wọ́n ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà.

Agogo méjìlá kù díẹ̀ nígbà tí a dé. Olórí ẹbí wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbà mẹ́rin. Ó rí ẹni tó sọ̀kalẹ̀ níbi sitiarín, ó dì mọ́ ọn, ó ní ojú rẹ̀ jọ ti ọkùnrin tó lè ṣiṣẹ́. Bàbá Dúpẹ́ ṣàlàyé fún un pé èmi ni ọkọ ìyàwó. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ó dáa náà."

Lẹ́yìn tí a ti jókòó, ó béèrè pé ta ló mọ̀ mí dáadáa níbẹ̀. Bàbá nawọ́ sí Lámídì. Ọkùnrin tí mo pè ní olè láàárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n gbé mi lé ní ọ̀sán.

Lámídì rò ó díẹ̀. Ó ní, "Ó máa ń tọ́jú ohun tó bá jẹ́ tirẹ̀, sà. Kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn." Kò sọ̀rọ̀ àárọ̀ rárá. Omijé fẹ́ bọ́ lójú mi.

Olórí ẹbí wá kọjú sí Dúpẹ́. "Ṣé ká gbà á?"

Dúpẹ́ dìde, ó kúnlẹ̀. "Bàbá àgbà, tó bá lè dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá yìí níbí, kó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí tó fi ń dọ̀bálẹ̀, ẹ gbà á. Tí kò bá lè ṣe é, ẹ jẹ́ ká máa padà lọ."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, pẹ̀lú agbádá tuntun, níwájú bàtà tó kún fún ọ́ìlì. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," mo sì ro gbogbo ẹ̀ látorí ọ̀dà pupa títí dé àpò ṣòkòtò. Olórí ẹbí rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi gbé omi fún un. Ó ní mi ò ní jẹ́ kí olè wọlé, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa ṣọ́ mi kí n má baà ti gbogbo ará ilé mọ́ta.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò le. Gbogbo ènìyàn ni mò ń ṣọ́ nígbà náà, àfi ẹnì kan tó yẹ kí n ṣọ́, èmi fúnra mi. A ṣe ìgbéyàwó lọ́dún náà, Ọ̀gá Lámídì ló sì wa ọkọ̀ ìyàwó, nínú Ìjàpá náà. Mo ti ṣèlérí fún Dúpẹ́ pé mi ò ní ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò kí a tó gbéra. Kí n má parọ́ fún yín, mo ṣí i wò. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, mo sì rò pé kò sẹ́ni tó rí mi, títí mo fi gbọ́ ẹ̀rín ìyàwó mi àti ti Lámídì láti inú ọkọ̀.